Agboolé Tí A Ò Dárúkọ

Inú tètè máa ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó máa ń yẹ iṣẹ́ àwa dókítà wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti kọ èsì kan sí wọn rí tí ọ̀gá mi ní kí n lọ mu omi tútù ná kí n tó tún un kọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé wa dé Àpòmù, èmi kọ́ ni inú ń bí. Bàbá ni inú ń bí, ó sì ń bí i gidi.

Ìwé tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìwé ìtàn o. Àbájáde ìwádìí wa ni, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, tó jáde nínú ìwé tí àwọn dókítà awọ ara káàkiri àgbáyé máa ń kà. Orúkọ mi ló ṣáájú níbẹ̀. Èmi ọmọ Ìkirè, ọmọ olóko kòkó, tí wọ́n ti ń sọ láti kékeré pé ẹnu mi ti mú jù, ọkọ wo ló máa gbà á. Mo rí ọkọ. Mo sì tún rí ohun tí mo ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ aráyé. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Ohun tí ìwé náà dá lé lórí rèé. Agboolé kan wà ní Àpòmù tó jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn, ó pupa rúsúrúsú, ó sì le bí èèpo igi. Tí wọ́n bá bí ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ á dán bíi ti gbogbo ọmọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, á ti máa nípọn. Nígbà ọyẹ́, á là, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Wọ́n ń roko, wọ́n ń tajà, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń dàgbà di arúgbó. Ṣùgbọ́n láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni àwọn kan ti gbà pé ẹ̀tẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ lójú wọn, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n á kí wọn, wọ́n á bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rọra gbé ife tí wọ́n bá fi mu omi sọ́tọ̀.

Ẹ̀tẹ̀ kọ́. Ẹ̀tẹ̀ gan-an ní oògùn lóde òní, oògùn tó ń wò ó pátápátá, kò sì yẹ ká máa fi bú èèyàn. Ṣùgbọ́n ti àwọn yìí, ẹ̀tẹ̀ kọ́. Ẹ̀tẹ̀ máa ń pa ara kú, abẹ́rẹ́ á gún onítọ̀hún, kò ní mọ̀. Àwọn èèyàn mi wọ̀nyí, tó o bá fi abẹ́rẹ́ gún wọn, wọ́n á bú ẹ débi tí wàá gbàgbé ilé.

Bàbá, olórí agboolé náà, ló kọ́kọ́ wá bá mi. Nígbà yẹn mo máa ń wá láti Ìbàdàn wo àwọn tí nǹkan ń ṣe awọ ara wọn, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àpòmù. Àwọn èèyàn á wá láti Wásinmi, wọ́n á wá láti Orílẹ̀-Òwu, wọ́n á gbé làpálàpá wá tí wọ́n ti fi ìpara ọjà pa títí tó fi gba gbogbo itan. Mo máa ń pariwo lé wọn lórí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún padà wá. Lọ́jọ́ tí Bàbá wá, kò gba oògùn. Ó jókòó, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí tábìlì mi, ó ní, "Dókítà, orúkọ ni mo wá gbà. Ohun tí ò lórúkọ, orúkọ tó bá wu aráyé ni wọ́n á máa pè é. Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Mo mọ ohun tó jọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tó ti ń wá nínú ara wọn, ìyẹn ló sì gba ọdún lọ́wọ́ wa. A gba ẹ̀jẹ̀ lára àgbà àti ọmọdé tó bá gbà. A kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, a gbé e sáré lọ sí Ìbàdàn. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á kọ̀, èmi á máa sọ̀rọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lókè òkun bá wa wo apá kan. Ìgbà tá a kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, wọ́n dá a padà. Ẹnì kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀rí wa ò tó. Mo bú u ní Yorùbá, mo bú u ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo wá jókòó, mo wá ẹ̀rí sí i. Tó bá dọ̀rọ̀ iṣẹ́, inú mi kì í bí láìwúlò.

Níkẹyìn, a rí i. Nínú ara ọmọ èèyàn, ohun kan wà tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa ṣe ara rẹ̀: bí irun ṣe máa rí, bí awọ ọwọ́ ṣe máa nípọn tó. Ọmọ-ọmọ Bàbá obìnrin kan wà tó jẹ́ télọ̀, tí ọwọ́ tiẹ̀ náà nípọn. Nígbà tí mò ń ṣàlàyé fún un, mo ní kó rántí pátánù tó fi ń gé aṣọ. Bí àṣìṣe bá ti wà lára pátánù, àṣìṣe ọ̀hún á wà lára aṣọ. Ibì kan péré ni àṣìṣe wà nínú pátánù ìdílé wọn, bàbá tàbí ìyá tó bá ní in lè fi lé ọmọ lọ́wọ́, ó sì lè má fi lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ṣépè fún wọn. Kò sẹ́ni tó lè kó o lára wọn. Télọ̀ yẹn ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?" Mo ní gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó pòṣé.

Nígbà tí ìwé wá jáde, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó dáa, mo ní kí wọ́n fi ìwé líle bò ó níwájú àti lẹ́yìn, mo gbé e lọ sí Àpòmù bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n ti to àga síta dè mí. Bàbá wọ agbádá. Télọ̀ ń ka èyí tó lè kà, èmi ń túmọ̀. Nígbà tá a dé ibi tó ti sọ pé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, pé kì í ràn, ìyá àgbà kan bú sẹ́kún. Bàbá ní "Alihamudulilahi," ó tún un sọ, ó fọwọ́ nu ojú. Èmi jókòó, orí mi wú. Mi ò ní purọ́ fún yín, orí mi wú gan-an ni.

Ìgbà tó yá, Bàbá tún agbádá rẹ̀ ṣe lórí èjìká. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ wá ka ibi tí orúkọ wa wà sí mi létí."

Mo ní, "Bàbá, orúkọ yín ò sí níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ kẹ̀?"

"Ohun tá a kọ ni pé 'ìdílé kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.'"

"Ìdílé kan!" Bàbá dìde. "Àwa tá a ni ọwọ́, àwa tá a ni ẹ̀jẹ̀, àwa la wá di 'ìdílé kan'? Orúkọ tìẹ ńkọ́, Dókítà, ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ti ọ̀gá yín tí ò fẹsẹ̀ tẹ Àpòmù rí?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ti àwọn òyìnbó tó bá yín wò ó?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Àwọn tó yá yín ní ẹ̀rọ ńkọ́?"

Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìwé.

Bàbá yíjú sí àwọn ará ilé. "Ẹ gbà mí o! Wọ́n rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ!"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, ṣùgbọ́n Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé òfin iṣẹ́ wa ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá fún wa lẹ́jẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ohun tá a rí lára ẹ̀ ṣe é níbi. A ti búra sí i. Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ẹni tó bá ṣe ohun ìtìjú là ń fi pamọ́. Ìgbà tí wọ́n ń pè wá ní adẹ́tẹ̀, orúkọ wa ni wọ́n ń dá. Ìgbà tá a wá jàre tán, ẹ fi wá pamọ́."

Mo pa ìwé náà dé, mo gbé e sórí àga. 

Ó wá sọ ohun tó ń ká a lára gan-an. Àwọn ọmọbìnrin agboolé wọn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n máa ń lọ lọ́kọ, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Télọ̀ yìí ti wá rí ọkọ nítòsí, ọmọ Ìkirè, tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn ọmọ méjèèjì ti finú han ara wọn, ọkùnrin náà mọ̀ nípa ọwọ́ ẹ̀, kò sì kà á sí. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ìgbéyàwó nílẹ̀ wa kì í ṣe ti ènìyàn méjì? Àwọn òbí ọkọ máa wádìí. "Wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wa kiri," ni Bàbá wí. "Mo fẹ́ nǹkan tí mo lè gbé síwájú wọn pé àwa rèé, ẹ wò ó, ohun tí wọ́n ń pè wá kọ́ la jẹ́. Ìdílé kan! Ìdílé kan ò lè fọmọ fọ́kọ." Télọ̀ tẹ orí ba. Bí mo ṣe ń wọkọ̀ padà lọ, inú mi ò dùn tó bó ṣe dùn nígbà tí mo ń bọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Ìyá kan náà ló bí wa. Ìkirè ló ń gbé, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń ta aṣọ. Nígbà tí ìyá wa kú, òun ló gbà mí mọ́ra, òun ló fi mí sí sẹ́kọ́ńdírì, òun ló máa ń lọ bẹ àwọn tíṣà tí mo bá ti fẹnu gún lára. Títí dòní, tí ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé, mo máa ń dìde.

"Dókítà," ó ní, "ọmọ ẹ rí ìyàwó o!"

Ọmọkùnrin tiẹ̀ ló ń sọ. Mo hó yèè. Mo béèrè pé ọmọ ta ni ìyàwó náà.

"Télọ̀ kan ni, ní Àpòmù."

 Mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ télọ̀ mìíràn. Àpòmù ní télọ̀ tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo sì mọ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní kí n wá sílé. Nígbà tí mo dé, ó ti gún iyán dè mí. Ó jẹ́ kí n jẹun tán, kí n ṣan ọwọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo máa ń lọ sí agboolé ọmọ náà, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn kan ń sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ wọn. Ìwọ ni dókítà, ìwọ lo mọ̀. Kí ló ń ṣe wọ́n?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó síbi tí mo jókòó sí yẹn, ẹ ẹ́ mọ̀. Òtítọ́ wà lẹ́nu mi, òtítọ́ tó dáa, tó máa tú ọmọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kì í ṣe tèmi. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni. Tí dókítà bá ti lè sọ ìdajì torí pé ó dáa, ó máa sọ ìdajì kejì lọ́la. Ìdajì kejì sì wà níbẹ̀: kì í ràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ lè mú un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ̀rọ̀ nípa ilé yẹn."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà. "Ó ti tó," ó ní. "Ó ṣeun."

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mo ṣe. Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá wá bi ọ́ léèrè ilé tí wọ́n ti fẹ́ gbéyàwó, o kì í la ẹnu sọ pé àrùn wà níbẹ̀. Èèyàn dáadáa kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn dáadáa máa ń sọ ni pé, "Mi ò lè sọ o." Tàbí, "Ẹ tún un wò dáadáa." Ẹni tó béèrè á dúpẹ́, á káṣọ, á máa lọ, kò ní padà débẹ̀ mọ́. Tí ilé náà bá dáa, ìwọ fúnra ẹ á ti pariwo pé, "Háà! Ẹ ti rí ìyàwó fẹ́!" kó tó béèrè tán. Èmi tí mo dàgbà ní Ìkirè, mo wá fọ èdè dókítà sí ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Mo mọ bó o ṣe wí i."

"Mi ò sọ nǹkan kan!"

"Dókítà, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Mi ò sọ àbọ̀ kankan! Òfin iṣẹ́ wa ni! Kódà ká ní ilé wa ni, mi ò ní lè sọ!"

"Má pariwo," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ti ń kó àwo nílẹ̀. "Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ìwà ìyá wa lo mú. Mo ti gbọ́." Bí mo ṣe ń ṣàlàyé sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń dá a lójú sí i. Ibẹ̀ ni mo ti bínú jáde, tí mo tún padà wọlé wá mú báàgì tí mo gbàgbé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Àpòmù mọ́. Ọmọkùnrin náà pè mí, ó sunkún bí ọmọdé lórí fóònù. Nígbà tí mo tún lọ wo àwọn aláìsàn ní Àpòmù, télọ̀ ti wà lórí bẹ́ǹṣì, kò wá gba nọ́ńbà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó wọlé tọ̀ mí wá.

"Dókítà, kí lẹ sọ fún wọn mà?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ìyẹn náà ni mò ń sọ mà!" Ó fa àga, ó jókòó. "Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri tẹ́lẹ̀, àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ẹni tó mọ̀ ní òun ò lè sọ. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Ìdákẹ́ yín ló jẹ́rìí mọ́ mi."

Inú bí mi. Mo ní ṣé kí n máa ròyìn ara wọn kiri ọjà Ìkirè ni, ṣé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún mi lẹ́jẹ̀ nìyẹn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ó yẹ kẹ́ ẹ wá bi mí ni. Mi ò bá ní kẹ́ ẹ sọ ọ́." Mo ní ká ní mo sọ ọ́, wọ́n máa béèrè nípa ọmọ, kí ni ó fẹ́ kí n wí? Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kéèyàn mọ nǹkan kó tó lẹ́ni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ má bá mi sọ ọ́ mọ́ mà. Ẹ ṣáà mú mi débẹ̀. Màá sọ ọ́ fúnra mi."

Bàbá kọ́kọ́ yarí. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ọmọbìnrin máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sílé ìyá ọkọ tí wọn ò tíì tọrọ ẹ̀? Ṣé ọjà ni wọ́n ń kiri ni? Télọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ ní orúkọ wa ò sí níbẹ̀. Èmi fẹ́ lọ fi síbẹ̀ ni." Bàbá wò ó títí. Ó bá gbé ìwé tá a fi ìwé líle bò látorí àga, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì ṣàdúrà fún un. Lórí ọ̀kadà tó gbé wa lọ sí Ìkirè, télọ̀ di ìwé náà mọ́ àyà.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wọn aṣọ fún oníbàárà nígbà tá a wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó rí mi, ó rí ẹni tó tẹ̀lé mi, ó sì mọ ẹni tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò yára. Ó gé aṣọ náà, ó ká a, ó fi í sínú ọ̀rá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà títí onítọ̀hún fi jáde. Télọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán." Kò ní kó dìde.

Ọmọ náà yí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sókè. "Mà, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń béèrè ohun tó ń ṣe ọwọ́ wa. Mo gbé e wá."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan o."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ó ní.

Télọ̀ sọ ọ́. Ó sọ pé ẹ̀tẹ̀ kọ́, ó sọ ohun tó jẹ́, ó sọ pé kì í ràn, pé wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Ó ṣáà ń wò ó. Ọmọ náà wá ṣí ìwé, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó wà lórí tábìlì, ó ṣí i síbi àwòrán ìdílé wọn.

Bá a ṣe máa ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nìyí: ọkùnrin, onígun mẹ́rin; obìnrin, róbótó. Ẹni tí àìsàn náà bá wà lára ẹ̀, a máa kun inú ẹ̀ ní dúdú. Ẹni tí kò bá ní in, a máa fi í sílẹ̀ ní funfun. Ìlà so tọkọtaya pọ̀, ìlà mìíì sọ̀ kalẹ̀ sára àwọn ọmọ. Orúkọ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á ní ìlú òyìnbó, àmì lásán ló máa rí.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Ó ń fi ìka ẹ̀ tó nípọn yẹn tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti oríkì, ohun tí kálukú ń ṣe jẹun. Bàbá àgbà rèé. Ìyàwó wọn rèé, ọmọ Orílẹ̀-Òwu, funfun ni. Bàbá òun rèé. Ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin rèé, kò mú un. Mo ti wo àwòrán yẹn títí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, èmi ni mo yà á, n kò mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wọ awò ojú ẹ̀. Ìka tiẹ̀ dúró lórí róbótó dúdú kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, tí kò sí ìlà kankan láti ara ẹ̀ sí ọkọ tàbí ọmọ.

"Èyí ńkọ́?"

"Àbúrò Bàbá àgbà nìyẹn mà. Wọn ò lọ́kọ. Wọ́n máa ń wá wádìí wọn, wọn kì í padà wá. Ilé ni wọ́n gbó sí."

 Télọ̀ gbé ìka lọ sí ìsàlẹ̀, sórí róbótó dúdú mìíì tóun náà dá wà. "Èmi rèé mà."

"Tó o bá bímọ ńkọ́?"

"Ọmọ lè mú un mà. Ó sì lè má mú un." Omi ti dé ojú ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ò yẹ̀. "Mi ò lè parọ́ fún yín. Nígbà ọyẹ́ ó máa ń là, ó máa ń dùn mí, màá fi òrí pa á, màá máa ránṣọ mi lọ. Tí ọmọ mi bá mú un, màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

 Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti gbèjà iṣẹ́ mi títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. N kò tíì rí ẹni tó gbèjà iṣẹ́ yẹn tó ọmọ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wádìí ilé onílé," ó ní. "Kò sẹ́ni tó gbé ti ilé ẹ̀ wá bá mi rí."

Ó mú bírò tó fi ń kọ iye aṣọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ róbótó ọmọ náà. Onígun mẹ́rin náà wọ́ sápá kan.

"Ṣé bí ẹ ṣe ń ya ọkùnrin nìyí, Dókítà?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. 

"Má kùn ún o. Ọmọ tèmi ò ní in." Ó fa ìlà láti ara ọ̀kan sí èkejì, ó tẹ bírò mọ́ ọn dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ẹ ti kọ nǹkan sínú ìwé mi."

"Kò tíì pé tẹ́lẹ̀ ni."

Télọ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi yí tábìlì po, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọwọ́ náà kúrò lójú ẹ̀, ó dì í mú nínú ọwọ́ tiẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí tí oníbàárà mìíì fi wọlé.